Muda Lawal àti iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù àárín pápá

Mudashiru Lawal, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ̀ sí Muda, ni agbábọ́ọ̀lù àárín pápá tó bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, tí kò fo ẹyọ kan. Ó lọ sí Ethiopia ní 1976 àti Ghana ní 1978. Ó gbá ti ilé ní Èkó ní 1980. Ó lọ sí Libya ní 1982 àti Côte d'Ivoire ní 1984. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1954. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1991, lẹ́ni ọdún 37.

Kí ó tó dé, Nàìjíríà kò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ kankan rí nínú ìdíje náà. Nínú ìdíje márùn-ún tí ó bá wọn lọ, orílẹ̀-èdè yìí ṣe ipò kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ife lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́lé ń yí padà, àwọn tó ń gbá iwájú ń yí padà. Lawal kò kúrò ní àárín.

Iṣẹ́ àárín pápá yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í rí. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, orúkọ rẹ̀ a jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń ṣọ́lé náà, bí ó bá mú bọ́ọ̀lù tó le, ariwo a sọ. Ẹni tó wà láàárín ní tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ alátakò, kí ó wo ẹni tí àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i, kí ó sì tún sáré tẹ̀ lé e bóyá yóò padà wá bá a. Nígbà tí àwọn ará ẹ̀yìn bá wà nínú wàhálà, òun ni yóò sáré padà. Nígbà tí àwọn ará iwájú bá há, òun ni yóò yọ sí wọn. Ìrìn rẹ̀ ni ó pọ̀ jù lórí pápá, ìròyìn rẹ̀ ni ó kéré jù. Ohun tó mú Lawal yàtọ̀ ni pé ó ṣe gbogbo èyí tán, ó sì tún ń dé iwájú ilé alátakò lásìkò tí ẹnì kankan kò retí rẹ̀, ó ń gbá góòlù tó ṣe pàtàkì. Àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 86 fún Nàìjíríà, ó sì fi góòlù 12 sí i. Fún ẹni tí kì í ṣe ará iwájú, góòlù 12 kì í ṣe kékeré, pàápàá tí a bá wo irú ọjọ́ tí díẹ̀ nínú wọn wọlé.

Mẹkáníìkì ni Lawal kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kankan tí ọmọ mẹkáníìkì lè gbà wọlé. Ọ̀nà méjì ló wà: kí ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí wọ́n rí i nínú ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́, tàbí kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò títí ẹni tó lójú fi máa rí i. Segun Odegbami, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba ọ̀nà ìwé: ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Lawal gba ọ̀nà kejì, èyí tó le jù. Ní nǹkan bí 1975 ó ti wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ní Ìbàdàn, lọ́dún kan náà ni ó sì wọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní Green Eagles nígbà náà. Ọmọ ọdún 21 ni.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹgbẹ́ tí IICC jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń yáni lówó fún òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ló ni orúkọ náà. Ṣáájú IICC, àjọ ìdàgbàsókè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, WNDC, ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ṣe rí ní Nàìjíríà láyé ìgbà náà: ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà, agbábọ́ọ̀lù a wà lórí ìwé owó-oṣù bí òṣìṣẹ́, àmọ́ pápá ni ọ́fíìsì rẹ̀. Líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ lábẹ́ òfin kò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà títí di 1990. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí Lawal fi ń sin orílẹ̀-èdè, òfin kò pè é ní agbábọ́ọ̀lù olówó-oṣù bí ti Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ni ó jí fún, bọ́ọ̀lù ni ó sùn fún. Owó ńlá kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni orúkọ, àti ìfẹ́ àwọn ará Ìbàdàn, tí Olóyè Lekan Salami jẹ́ aṣáájú wọn nínú ṣíṣe àtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ náà.

Ọdún 1976 ni ọdún tí gbogbo nǹkan yí padà. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ilé bàbá Lawal bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wà ní Ọ̀yọ́. Ìjọba ológun pín ilẹ̀, kò lè pín Shooting Stars. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Nínú àṣekágbá, Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀. Nílé, IICC na Tonnerre ní 4 sí 1. Ní Yaoundé, Tonnerre gbá ẹyọ kan, kò tó. Àpapọ̀ jẹ́ 4 sí 2. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kí ọjọ́ náà tó dé. Ìbàdàn ni ife àkọ́kọ́ wọ̀.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ayọ̀ náà dé. Ní ilẹ̀ àwọn Yorùbá Òkun, ní Kábà, ní Ìyàrà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀nà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbà wọlé ni rédíò. Láti 1967 títí di 1991 ni Kábà fi wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan láti ilẹ̀ Òkun nínú líìgì àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀, iná mànàmáná kò sí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ohùn Ernest Okonkwo lórí Rédíò Nàìjíríà ni ó ya àwòrán Lawal sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fojú rí i rí. Èyí ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń gbá àárín. Lórí rédíò, asọ̀ròyìn ní láti dárúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú gbogbo, àárín pápá sì ni bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò a gbọ́ orúkọ Lawal léraléra. Ẹni tó jókòó sí pápá tí ojú rẹ̀ ń lé góòlù kiri lè má fiyè sí i. Ó ṣeé ṣe kí àwọn olùgbọ́ rédíò nígbà náà mọ iṣẹ́ Lawal ju ọ̀pọ̀ àwọn tó sanwó wọlé lọ.

Ní Ethiopia ní ìbẹ̀rẹ̀ 1976, Tihomir Jelisavčić, ará Yugoslavia tí wọ́n ń pè ní Father Tiko, ni ó darí ikọ̀ náà. Wọ́n fi 4 sí 2 na Zaire, tó gba ife ní 1974, wọ́n sì parí ní ipò kẹta lẹ́yìn Morocco àti Guinea. Haruna Ilerika ti Stationery Stores ni ìràwọ̀ ìdíje náà fún Nàìjíríà. Lawal ṣì jẹ́ ọmọdé láàárín wọn, ó ń kọ́ṣẹ́. Lọ́dún kan náà ni ikọ̀ náà lọ sí Montreal fún Òlíńpíìkì, àmọ́ wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bínú pé New Zealand lọ gbá rọ́gíbì pẹ̀lú South Africa tó ń fi ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni àwọn aláwọ̀ dúdú lára. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kó ẹrù wọn kúrò. Ìpinnu náà tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù ló san gbèsè rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́.

1977 korò. IICC pàdé Rangers ti Enugu ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ife tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì parí ní ọ̀mì láìsí góòlù, Kàdúná ni wọ́n ti fi pẹnáritì yanjú rẹ̀, Rangers yege, wọ́n sì lọ gba ife náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, Nàìjíríà gbàlejò Tunisia ní Èkó nínú ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé 1978. Godwin Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wa, Tunisia sì yege ní 1 sí 0. Ní Ghana ní 1978, Uganda lé Nàìjíríà lọ́nà àṣekágbá pẹ̀lú 2 sí 1. Nínú ìjà ipò kẹta, nígbà tí ó jẹ́ 1 sí 1, àwọn ará Tunisia bínú sí rẹfirí, wọ́n jáde kúrò lórí pápá, àwọn olùṣàkóso ìdíje sì fún Nàìjíríà ní ipò kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìdíje 1980 ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó sì ni ojúkò rẹ̀. Otto Glória, ará Brazil tó ti mú Portugal ṣe ipò kẹta ní Ife Àgbáyé 1966, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Christian Chukwu ti Rangers ni balógun. Best Ogedegbe ti IICC ń ṣọ́lé, Odegbami àti Felix Owolabi, àwọn náà ọmọ IICC, wà níwájú. Aloysius Atuegbu àti Henry Nwosu, ọmọdé tí kò tíì pé ogún ọdún, wà láàárín pẹ̀lú Lawal. Ìgbà náà jẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ikọ̀ tí Rangers láti Ìlà-Oòrùn àti IICC láti Ìwọ̀-Oòrùn jọ para pọ̀ sí yìí, àwọn méjì tó ti ń bá ara wọn jà kíkan-kíkan nínú líìgì, jẹ́ ohun tí àwọn ará Nàìjíríà fi ojú ara wọn rí pé ó ṣeé ṣe.

Lawal ló gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje náà, ní ìṣẹ́jú kọkànlá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Tanzania, tí wọ́n na ní 3 sí 1. Wọ́n ta ọ̀mì láìsí góòlù pẹ̀lú Côte d'Ivoire, wọ́n na Egypt ní 1 sí 0, wọ́n sì na Morocco náà ní 1 sí 0 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, góòlù Owolabi ni. Góòlù ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ kó wọlé wọn títí di àṣekágbá. Ẹ̀yìn tó le bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ará ẹ̀yìn nìkan. Alátakò tí kò bá rí àárín gbà kọjá kò lè dé ọ̀dọ̀ Chukwu lẹ́yìn, iṣẹ́ Lawal àti Atuegbu sì ni kí wọ́n dí ọ̀nà náà.

Àṣekágbá wáyé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, pẹ̀lú Algeria. Ààrẹ Shehu Shagari wà níbẹ̀, èrò tó wọ pápá náà sì tó nǹkan bí 80,000. Odegbami gbá ti àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú kejì, ó tún gbá òmíràn kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ibi tí a ti rí ọgbọ́n Lawal gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì. Ẹgbẹ́ tó wà níwájú pẹ̀lú góòlù méjì sábà máa ń fà sẹ́yìn, ẹ̀rù a máa bà á pé kí ọ̀kan má wọlé, Algeria sì kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré: Rabah Madjer àti Lakhdar Belloumi wà lára ìran àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tó na Jámánì ní Ife Àgbáyé lẹ́yìn ọdún méjì. Ní ìṣẹ́jú àádọ́ta, Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ parí. 3 sí 0 ni, Nàìjíríà gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ́lá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ góòlù Nàìjíríà nínú ìdíje náà ni ó parí rẹ̀. Àwọn ènìyàn rántí góòlù méjì Odegbami, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, góòlù kẹta ni ó gba ìrètí lọ́wọ́ Algeria.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Nínú Òlíńpíìkì Moscow ní 1980, Nàìjíríà ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Czechoslovakia, tó padà gba wúrà, ṣùgbọ́n Kuwait àti Colombia na wọ́n, wọ́n sì wálé. Ní oṣù Kẹwàá 1981 Algeria gbẹ̀san: wọ́n na Nàìjíríà ní 2 sí 0 ní Èkó, wọ́n tún na wọ́n ní 2 sí 1 ní Constantine, ọ̀nà Ife Àgbáyé sì tún dí. Ní Libya ní 1982, adé bọ́ lórí Nàìjíríà ní ìpele àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn akọni 1980 kò padà wọ ikọ̀ náà mọ́ lẹ́yìn èyí. Àwọn kan ti dàgbà, ẹsẹ̀ dun àwọn kan, àwọn mìíràn gba ọ̀nà Amẹ́ríkà lọ, bí Thompson Usiyen ti ṣáájú wọn lọ sí Yunifásítì Appalachian State, níbi tí bọ́ọ̀lù ti sanwó ìwé fún un. Lawal dúró. Ní Ìbàdàn, Shooting Stars gba líìgì ní 1980, wọ́n tún gbà á ní 1983.

Nígbà tí ó di 1984, Adegboye Onigbinde, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ni ó ń darí Green Eagles, òun kan náà ló ń darí Shooting Stars. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ: Stephen Keshi lẹ́yìn, Peter Rufai lẹ́nu ilé, Nwosu láàárín. Ó sì fi Lawal, tó ti ń lọ sí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, sí àárín wọn. Ìpinnu yìí wà lára ohun tó dára jù tí Onigbinde ṣe, nítorí pé àwọn ọmọdé yìí nílò ẹni tó ti rí ọjọ́ rere àti ọjọ́ burúkú. Wọ́n fi pẹnáritì yege lórí Egypt, 8 sí 7, lẹ́yìn ọ̀mì 2 sí 2. Ní àṣekágbá ní Abidjan ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Lawal gbá góòlù sílé Cameroon ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé ti 1980 ń padà bọ̀. René Ndjeya dá a padà, Théophile Abega gbá ẹ̀kejì nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, Ernest Ebongué sì fi ẹ̀kẹta sí i. 3 sí 1 ló parí sí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pàdánù, Lawal di ẹni tó gbá góòlù nínú àṣekágbá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìdíje Áfíríkà. Ará iwájú tó ṣe irú èyí kò pọ̀, ká má tíì sọ ti ará àárín.

Lọ́dún kan náà ni Shooting Stars tún dé àṣekágbá ife àwọn aṣíwájú líìgì Áfíríkà, Zamalek ti Cairo sì na wọ́n ní 2 sí 0 níbẹ̀, wọ́n tún na wọ́n ní 1 sí 0 ní Èkó. Àṣekágbá méjì, àdánù méjì, láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Lẹ́yìn èyí, Lawal gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores ní Èkó àti Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abiola ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó kú ní oṣù Keje 1991, líìgì olówó-oṣù tí kò bá a lórí pápá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan. 

Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bá ayé mìíràn. Mutiu Adepoju, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní 1970, bẹ̀rẹ̀ ní Shooting Stars bí Lawal, ṣùgbọ́n ó ti wà ní ilé Real Madrid kí ó tó pé ọmọ ọdún 22. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Racing Santander àti Real Sociedad, ó lọ sí Ife Àgbáyé mẹ́ta, ó sì fi orí kan góòlù sílé Spain ní 1998. Emmanuel Olisadebe, ọmọ Warri, tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Warsaw títí Poland fi sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn, ó sì bá wọn lọ sí Ife Àgbáyé 2002. Lawal kò rí ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Kò lọ sí Ife Àgbáyé, kò gba owó Yúróòpù. Fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ tó kù kò pọ̀, èyí sì jẹ́ àdánù ńlá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá àárín.

Èyí ló fa àṣìṣe tí àwọn kan ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ: wọ́n ń fi ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù dé wọn ọ́n, wọn kì í fi ohun tó ṣe fún ikọ̀ wọn ọ́n. Tí a bá fi iṣẹ́ wọn ọ́n, àkọsílẹ̀ Lawal kò ní ẹlẹgbẹ́ ní ìgbà tirẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 86 tó gbá ni ó pọ̀ jù fún ọmọ Nàìjíríà kankan nígbà náà, ó sì tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọjá iye náà. Joseph Yobo wà lára àwọn tó kọjá rẹ̀. Pápá ìṣeré Asero ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àárín tó sin Nàìjíríà láti ilé, láìlọ sí òkè òkun, Muda Lawal ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ.